Kùn, Kíkùn àti Ìkùnsínú

Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwa Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìró, ọ̀kan wà tí ó kéré lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ìlò rẹ̀ gbòòrò. Ọ̀rọ̀ náà ni kùn. Oyin ń kùn nínú ihò igi. Eṣinṣin ń kùn lórí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Ẹ̀fọn ń kùn létí ẹni tí ó fẹ́ sùn. Ẹ̀rọ ìlọta ń kùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ikùn ẹni tí ebi ń pa ń kùn. Bí oorun bá ń ṣe wá, a ó ní oorun ń kùn wá, bí ẹni pé oorun pàápàá ní ìró tí ara ń gbọ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni a wá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn: òṣìṣẹ́ ń kùn, ìyàwó ilé ń kùn, ará ìlú ń kùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lára oyin tí ó sì bọ́ sára ènìyàn ni mo fẹ́ kí á dúró sí nínú àròkọ yìí.

Ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá ní oyin ń kùn, ohun tí etí wa gbọ́ ni a ń sọ. Nígbà tí a bá ní òṣìṣẹ́ ń kùn, a ti dájọ́. A ti sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, a ti sọ ipò tí ó wà, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kò yẹ kí á dá a lóhùn. Ìdájọ́ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ mọ́ pé ìdájọ́ ni. Mo gbà pé ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pa ẹnu ènìyàn mọ́ kò yẹ kí ó wà ní èdè láìjẹ́ pé a bi í léèrè ibi tí ó ti rí àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìró ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àfàsépè ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ẹ̀yìn ẹnu. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni ó tẹ̀ lé e, tí èémí fi ń gba imú jáde. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń fa ìró náà sínú àti sísàlẹ̀. Bí a bá mú ohùn ìsàlẹ̀ yìí kúrò tí a sì fi ohùn òkè rọ́pò rẹ̀, kún ni a ó ní, ìró kò sì sí nínú ìyẹn mọ́, bí kò ṣe omi tí ó dé etí ìkòkò. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń wá imú lọ bí ó bá fẹ́ sọ irú ìró yìí. Gẹ̀ẹ́sì ní hum, Jámánì ní summen, Faransé ní bourdonner, Látìn sì ní murmur tí àwọn ará Yúróòpù jogún. Àwọn èdè wọ̀nyí kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, àwa náà kò yá a lọ́wọ́ wọn. Etí ènìyàn kan náà ni ó gbọ́ kòkòrò kan náà.

Bí ó bá sì jẹ́ ti oyin, kíkùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Ìyẹ́ rẹ̀ ni ó ń lù ní ìgbà tí ó ju 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbọ̀n nítorí ìyẹn ni a ń gbọ́. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ní ilẹ̀ tiwa ní agbègbè Kabba, bí igi káṣú bá tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó bá dúró sábẹ́ wọn yóò gbọ́ kíkùn láti òwúrọ̀, kò sì sí àgbẹ̀ kan tí yóò bínú sí i. Àgbẹ̀ mọ̀ pé níbi tí oyin ti ń kùn, èso ń bọ̀ níbẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ìkìlọ̀ wà nínú ìró náà, nítorí pé oyin a máa ta. Nítorí náà, nínú ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta ni kùn ń sọ fún etí tí ó bá gbọ́n: pé ohun kan wà láàyè níbẹ̀, pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àti pé kí á ṣọ́ra. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Níbo wá ni ẹ̀gàn ti wọlé? Láti mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí á to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó fara jọ ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kìnnìún ń bú ramúramù. Òjò ń kù kí ó tó rọ̀. Àrá ń sán. Ọba fọhùn. Lẹ́yìn náà ni kí á wá wo Orò, èyí tí ó jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù lọ. Pákó pẹlẹbẹ tí a so mọ́ okùn ni, tí a ń fì yípo títí afẹ́fẹ́ yóò fi máa dún. Ìró rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ń fà gùn. Ó sún mọ́ ìró oyin ju bí ó ti sún mọ́ ìró kìnnìún lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìró nìkan ni èdè wa ń wò, kò sí ìdí tí a kò fi ní sọ pé Orò ń kùn. Síbẹ̀, ohun tí a ń wí ni pé Orò ń ké, tàbí pé Orò ń bú. Èmi kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan rí pé Orò ń kùn.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé a kì í fi etí nìkan yan ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. A ń wo ẹni tí ó ni ìró náà. Ohùn àṣẹ ni ti Orò: bí ó bá jáde ní ìlú Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú, obìnrin ń wọlé, ìlẹ̀kùn ń tì. Bí ó ti wù kí ohùn àṣẹ lọ sílẹ̀ tó, bíbú tàbí kíké ni a ó pè é. Bí ó ti wù kí ohùn ẹni tí kò ní àṣẹ pọ̀ tó, kíkùn ni a ó pè é. Nítorí náà, bí a bá fi kùn pe ènìyàn, ipò rẹ̀ láwùjọ ni a ń sọ, kì í ṣe bí ohùn rẹ̀ ti ga tó. Ọ̀gá kì í kùn sí ọmọ iṣẹ́. Ó ń bá a wí ni. Ọkọ kì í kùn sí aya lẹ́nu àwọn tí ń ròyìn. Inú ni ó ń bí i. Ọmọ iṣẹ́ àti aya ni ó ń kùn.

Ó wá yẹ kí á fi kùn sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dùn ọkàn, kí á lè mọ ibi tí ó dúró sí. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ẹnì kejì tí ó ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ráhùn ń sọ ìyà rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó fi jẹ ẹ́ dandan. Ẹni tí ó ń ṣàròyé ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí ó fẹjọ́ sùn ti rí adájọ́ tí yóò gbọ́ ọ. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ni kùn wà. Ẹni tí ń kùn kò ní adájọ́, kò ní olùgbọ́ tí ó dá lójú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì di ọ̀rọ̀. Ìkùnsínú tilẹ̀ tún rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí pé kùn sí inú ni: inú ara rẹ̀ ni ẹni náà ń kùn sí, nígbà tí kò rí ibòmíràn tí yóò kọjú ohùn rẹ̀ sí. Bí a bá wo àtẹ̀gùn yìí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ìwà búburú ni ó gbé ẹnì kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àìrí ẹni tí yóò gbọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lónìí. Bí a bá bi ọmọléèwé pé kí ni ìkùnsínú, ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò pè é. Ó dá mi lójú pé Bíbélì Yorùbá ni ó kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú èyí. Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé inú rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti nǹkan bí ọdún 1850, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti dojú kọ Mósè ní aginjù nítorí oúnjẹ àti omi, kùn ni wọ́n lò. Ojú iṣẹ́ ni èyí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ nínú ìtumọ̀ àtijọ́, gongyzo, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń farawé ìró gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń ṣe, a kò sì lè rí èyí tí ó bá a mu ju kùn lọ. Ìṣòro kò sí lọ́wọ́ àwọn atúmọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn ni pé ìtàn aginjù ni ó gba ọ̀rọ̀ náà tán, tí oyin kò fi rí àyè nínú rẹ̀ mọ́ nínú ìwé àti lórí àga ìwàásù.

Àní nínú ìtàn aginjù pàápàá, a kì í ka gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjìyà tẹ̀ lé kíkùn nínú Ìwé Nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n nínú Ẹ́kísódù orí 16, níbi tí ebi ti pa àwọn ènìyàn tí wọ́n sì kùn, èsì tí Ọlọ́run fún wọn ni pé òun ti gbọ́. Àparò dé ní ìrọ̀lẹ́, mánà sì dé ní òwúrọ̀. Oúnjẹ ni ó fi dá kíkùn lóhùn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, a tún bá irú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà pàdé. Àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn sí àwọn Hébérù pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò bá wọn wí. Wọn kò ní kí wọ́n lọ ronú pìwà dà. Wọ́n pe ìjọ jọ, a sì yan ọkùnrin méje láti bójú tó ìpínfúnni náà. Ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn méje yìí yóò rí i pé orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kùn gan-an ni a ti yan àwọn tí yóò tún ọ̀rọ̀ ṣe. Mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti gbọ́ ìwàásù lórí kíkùn ní aginjù láìníye. N kò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí kíkùn nítorí àwọn opó.

Èdè Hébérù fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan, hagah, tí ó dúró fún ohùn rírẹlẹ̀ tí ń fà. Wòlíì Aísáyà lò ó fún kìnnìún tí ó dúró lórí ẹran tí ó pa, ó sì lò ó fún àdàbà tí ń dárò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà ní Sáàmù kìn-ín-ní fún ọkùnrin alábùkún tí ń ronú sí òfin Olúwa tọ̀sán-tòru. Ẹni náà kò dákẹ́. Ó ń ka òfin sí ara rẹ̀ létí lábẹ́ ohùn. Nínú Bíbélì tiwa, àṣàrò ni a pè é. Ìtumọ̀ tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ìró ti bọ́ sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, òǹkàwé Yorùbá ń rí kíkùn níbi ọ̀tẹ̀, kò sì rí i níbi ọgbọ́n, nígbà tí ẹni tí ó ń ka Hébérù mọ̀ pé ohùn rírẹlẹ̀ lè jẹ́ ti olódodo.

Àṣà tiwa kò ṣàìmọ èyí. William Bascom, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1969, ṣàlàyé bí ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò ti máa ń mú owó, tí yóò sì sọ ìṣòro rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí babaláwo má baà gbọ́. Ohùn tí ènìyàn kò gbọ́ ni Ọ̀rúnmìlà ń dá lóhùn. Ẹ fi èyí wé Hánà nínú ìwé Sámúẹ́lì kìn-ín-ní, tí ètè rẹ̀ ń mì tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀, tí àlùfáà Élì fi rò pé ọtí ni ó ń pa á. Babaláwo mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ṣe ìdájọ́ lórí ohùn rírẹlẹ̀. Élì ni kò mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí á yìn ín, síbẹ̀, pé nígbà tí Hánà ṣàlàyé, ó gbọ́, ó sì súre fún un.

Àwa ará Ọ̀kun ní ìdí tiwa láti mọ iyì ohùn rírẹlẹ̀. Owé, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a jẹ́, ìkíni wa ni a sì fi ń pè wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà jẹ gàba lórí wa, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ìlú sá gun orí òkè. Títí di ọdún 1897, tí àwọn ọmọ ogun Ilé-iṣẹ́ Royal Niger wọ Kabba kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, ẹni tí ó bá gbé ohùn sókè lè fi ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà han ọ̀tá. Nínú àwọn tí a kó lẹ́rú lọ, àwọn kan dé Freetown. Ibẹ̀ ni Sigismund Koelle ti gbọ́ èdè Ìyàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, tí ó sì kọ wọ́n sínú Polyglotta Africana ní 1854. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹnu àwọn baba wa sọ ní àkókò náà, lára ohun tí a kọ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a ti gba ilé àti àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. A kò lè ka irú ìtàn yìí kí á sì máa wí pé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ gbangba kò ní ohun tí ó ń sọ.

Ìtàn ẹ̀fọn àti etí, tí a ń pa káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Chinua Achebe sì fi sínú Things Fall Apart ní 1958, kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀fọn ní òun fẹ́ fi Etí ṣe aya. Etí bú sẹ́rìn-ín, ó ní báwo ni irú eegun báyìí yóò ṣe pẹ́ láyé. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀fọn kò ti lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Etí láìsọ fún un pé òun ṣì wà láàyè. Ẹ̀rín ni a máa ń fi gbọ́ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n kí ni kíkùn ẹ̀fọn jẹ́ nínú rẹ̀? Ẹ̀rí ẹni tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ni. Ó ń sọ fún ẹni tí ó kà á sí òkú pé òun kò kú. Àwọn tí wọ́n dá ìtàn náà sílẹ̀ mọ ohun kan nípa kíkùn tí àwọn oníwàásù wa ti gbàgbé.

Ní ti ìlú àti ìjọba, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí àìgbọ́ kíkùn ń náni, kí ó wo ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ní Abẹ́òkúta, owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin àti ìrẹsì tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì di ohun tí àwọn ìyá ń sọ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ tí wọ́n sì jáde ní 1947, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn tí owó orí ti sú gbé ohun ìjà nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo nínú méjèèjì. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ti pè é ní kíkùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti tó fún wọn láti má gbọ́.

Ìjọba ológun tilẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Òfin Kẹrin ọdún 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún akọ̀ròyìn láti gbé ohun tí yóò tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba jáde, Tunde Thompson àti Nduka Irabor sì ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún náà kan náà. Nígbà tí a bá ti ti ọ̀nà àròyé àti ẹ̀sùn pa báyìí, kí ni ó kù fún ará ìlú bí kò ṣe kíkùn? Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn pa ni ó tún ń bínú pé a ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òfin náà ti lọ, ṣùgbọ́n ìwà náà kò lọ. Nígbà tí a kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí, iye epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Sùúrù ni a ní kí àwọn ènìyàn ní. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí èsì. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ju owó oúnjẹ rẹ̀ lọ kò nílò ẹ̀kọ́ lórí aginjù.

A lè sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo kíkùn ni ó ní ìdí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ ń kùn, onílara ń kùn, ẹni tí a fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán ń kùn nítorí ti ẹlòmíràn. Àwọn àgbà sì kìlọ̀ pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ṣùgbọ́n ìró kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀lẹ àti ẹni tí a rẹ́ jẹ; ìwádìí ni ó ń fi í hàn. Ẹni tí ó bá dájọ́ lórí ìró nìkan ti ṣe ohun tí Élì ṣe. Àwọn àgbà kan náà ni ó sì wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ń pa ènìyàn àti ọ̀rọ̀ gbangba tí ń mú ọ̀ràn wá, ibo ni a fẹ́ kí aláìlágbára dúró sí? Kùn ni àyè tí èdè fi sílẹ̀ fún un.

Ní ìpàdé ìlú ní Ayewa, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo rí àgbà kan tí ó mọ bí a ti ń lo àyè yìí. Bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọ̀fẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kì í pariwo mọ́ wọn. Yóò dúró. Yóò ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ kíkùn yín. Kí ẹnì kan bá wa là á." Ẹnì kan yóò sì dìde, yóò kí àwọn bàbá, yóò là á. Nígbà mìíràn ìpinnu a yí padà, nígbà mìíràn kì í yí. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tó jókòó, kíkùn ti di àròyé, ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ ti ní ọ̀rọ̀. Baba náà kò kàwé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kùn tí ó fi ṣèwà hù ní ọjọ́ náà péye ju ti ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè lọ. Ó gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń gbọ́ oyin: ohun kan wà láàyè níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kí á sì ṣọ́ra.

Ohun tí mo ń bẹ àwa tí a ń kọ̀wé sí kò pọ̀. Akọ̀ròyìn tí ó bá kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn, kí ó kọ ohun tí wọ́n ń kùn sí àti ẹni tí kò dá wọn lóhùn sínú gbólóhùn kan náà. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ ìkùnsínú, kí ó kọ́ ọ ní ti oyin kí ó tó kọ́ ọ ní ti aginjù. Oníwàásù tí ó bá fẹ́ràn Ẹ́kísódù, kí ó ka orí 16 dé òpin, kí ó sì ka ti àwọn opó pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní ipò, tí ó sì gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, kí ó rántí pé kò sí òfin nínú èdè Yorùbá tí ó ní kí ó pe ìró náà ní ẹ̀ṣẹ̀. Òun ni ó yan orúkọ tí ó fún un. Ó sì lè yan láti béèrè.